Ìrìn-àjò Ìgbà tí Òjò Dá: Ìtàn Ọ̀nà Ilẹ̀ Yewa

Kò sí ọmọ ilé-kéú tí kò mọ Súrà Kúráíṣì. Súrà kékeré ni, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń sáré kà nínú ìrun nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró dè wá ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti bi ààfáà rẹ̀ léèrè ìdí tí súrà náà fi dárúkọ ìrìn-àjò méjì, ọ̀kan ní ìgbà òtútù, èkejì ní ìgbà ooru? Àfonífojì olókùúta ni Mẹ́kà, kò ṣeé dáko. Nígbà òtútù, àwọn Kúráíṣì a kó ràkúnmí wọn lọ sí Yẹ́mẹ̀n nítorí pé ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà ooru, wọn a kọrí sí ilẹ̀ Ṣáámù, níbi tí atẹ́gùn ti tutù tí èso sì pọ̀ lórí igi. Ìtàn sọ pé Háṣímù, bàbá-ńlá Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ni ó fi ìrìn méjèèjì lélẹ̀. Ẹnu irú ìrìn bẹ́ẹ̀ náà ni ó kú sí, ní ìlú Gásà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa kíyè sí ni pé ìrìn wọ̀nyí yàtọ̀ sí ìrìn Háájì. Ìrìn ojú ọjọ́ ni, ìrìn oúnjẹ àti ọjà. Háájì ní oṣù tirẹ̀, oṣù ojú ọ̀run sì ni. Àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan a máa sún oṣù síwájú, wọn a sún un sẹ́yìn, kí ó lè bá ohun tí wọ́n ń fẹ́ mu. Àlùkùránì, nínú Súrà At-Taubah, sì ka èyí léèwọ̀. Láti ìgbà náà ni oṣù wa ti ń rìn káàkiri inú ọdún, tí Ìléyá fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí.

Èyí kàn wá ní Àgọ́-Ṣáṣá àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa ju bí a ti rò lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó wà ní Èkó, ní Ọ̀tà àti ní Ìbàdàn kì í wá sílé bí kì í bá ṣe Ìléyá, tàbí ìgbà Kérésì tí ilé iṣẹ́ bá gba ìsinmi. Ní 2010, Ìléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Bélú, èyí tí í ṣe oṣù kọkànlá. Ní 2011 ó bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù náà. Ní 2012, 2013 àti 2014, inú oṣù Ọ̀wàrà, oṣù kẹwàá, ni a ti ṣe é. Ọlọ́hun ti pa Ìléyá pọ̀ mọ́ àkókò tí ilẹ̀ wa dára jù lọ rí, a kò sì mọ̀ pé oore ni. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Àárín gbùngbùn òjò nìyẹn. Ẹni tí ó bá wá ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ni ó ń rí, ọkọ̀ tí ó rì sínú kòtò ni ó ń bá wọn tì, owó ọkọ̀ a sì ti gorí igi nítorí èrò. Yóò tó nǹkan bí 2042 kí Ìléyá tó tún padà sí oṣù Bélú. Ọmọ ogún ọdún tí ó ń ka ìwé yìí yóò ti súnmọ́ ogójì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọdún ṣe rí lọ́dọ̀ wa, nítorí ẹ̀yin tí a bí sí ìgboro. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, yóò le ní oṣù kẹfà, yóò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ọ̀wàrà òjò ni a fi sọ oṣù Ọ̀wàrà lórúkọ. Nígbà tí Bélú bá fi máa dé àárín, òjò ti ń dágbére. Láàárín ìgbà yìí àti ìgbà tí ọyẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ eruku wá láti òkè ọya, a máa ń ní ọ̀sẹ̀ bí i mẹ́fà tí kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú ọdún. Ilẹ̀ kò ṣe ẹrẹ̀ mọ́, kò sì tíì di eruku. Wọn kò tíì tiná bọ igbó. Ewé ọ̀pẹ ń dán bí ẹni pé a fi omi fọ̀ wọ́n, odò kún ṣùgbọ́n ó ti tòrò, ìrì òwúrọ̀ a bo oko ẹ̀gẹ́ títí oòrùn yóò fi gòkè. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ènìyàn bá dúró sí ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ojú rẹ̀ a ríran jìnnà ju bí ó ti ń rí lọ ní ìgbà ọyẹ́.

Oúnjẹ ńkọ́? Níbi tí ọ̀rọ̀ dùn sí nìyí, kí ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ níbẹ̀. Iṣu titun tí a ń fi ìwàǹwára wà ní oṣù Agẹmọ, omi ni ó pọ̀ nínú rẹ̀; ó dára fún àsáró. Iṣu tí ó gbó tán, tí a wà ní Bélú, òun ni ó ń di iyán tí kì í ní kókó. Ewùrà náà a ti tó wà, ìyàwó ilé a rin ín, a fi ata àti àlùbọ́sà sí i, a dín in ní òjòjò. Àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí a gbìn nígbà tí òjò padà dé, a tó sun. Àgbọn ilẹ̀ Àgbádárìgì kò jìnnà sí wa, ẹni tí kò bá tíì fi àgbọn jẹ àgbàdo sísun ní ẹ̀bá ọ̀nà kò tíì dé ẹkùn wa. Ọsàn mímu tún ń bẹ. Èèpo rẹ̀ lè wà ní tútù síbẹ̀, kí àlejò rò pé kò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n oyin ni inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró de Kérésì yóò bá àgbálùmọ̀ àkọ́so, tí ó kan. Máńgòrò kò sì ní sí títí di oṣù kẹta ọdún tí ń bọ̀. Nígbà tí àkúnya odò Yewa bá ń fà, ẹja a pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja, ojú ọjà a sì rọ̀. Ìkórè wà nílẹ̀, àlejò kò pọ̀: ìgbà wo ni ó tún yẹ kí ènìyàn rìn?

Ibn Batuta, ọmọ Tánjà ní ilẹ̀ Mòrókò, mọ̀ pé àkókò ni ìrìn. Oṣù kejì ọdún 1352, kí ooru tó mú, ni ó bá àwọn oníṣòwò jáde ní Sijilmasa láti la aginjù Sàhárà kọjá sí ilẹ̀ Málì. Aginjù kò ṣe é ní nǹkan púpọ̀. Oúnjẹ ni ó ṣe é. Nígbà tí ó dé olú ìlú Málì ní ìparí oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀, kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ àṣáró kan tí a fi ohun tí ó jọ kókò sè. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jẹ ẹ́, gbogbo wọn ni wọ́n ṣàìsàn, ẹnì kan kú. Ibn Batuta fúnra rẹ̀ dákú níbi ìrun Àsùbáà, oṣù méjì ni ó fi wà lórí àìsàn. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé rò pé irú iṣu kan ni. Bí ó bá jẹ́ iṣu ni, ẹ̀yin ìyá wa ní Àgọ́-Ṣáṣá ni kí ẹ sọ bóyá a jẹ ẹ́ kí ó tó gbó ni, tàbí a kò sè é jinná! Nígbà tí ó ń padà lọ sílé, ìparí ọdún 1353 ni ó kúrò ní Sijilmasa sí ìlú Fẹ́sì, òjò dídì sì ká a mọ́ lórí òkè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú gbogbo ilẹ̀ tútù tí òun ti rìn, títí dé Bùhárà àti Samarkand, òun kò rí ọ̀nà tí ó nira tó ọ̀kan yẹn. Ẹni tí ó mọ àkókò tí ó yẹ kí a la aginjù kọjá kò wá fi ti òkè ilé ara rẹ̀ ṣe.

Ní ẹkùn tiwa, ọ̀nà tí ó lókìkí jù ni èyí tí ó ti Ọ̀yọ́-Ilé wá sí etí òkun. Ó gba ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní 1995, ó kọjá ní Ìjànà nítòsí Ìlarò, ó sì já sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Aláàfin ní aṣojú tirẹ̀ ní Ìjànà, àwọn oníbodè sì ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: ẹrú wà lára ọjà tí ọ̀nà yìí ń gbé lọ sí òkun, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ, aró, iyọ̀ àti oúnjẹ náà gba ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1825, ọ̀gágun ojú omi kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kúrò ní Àgbádárìgì, ó gba ọ̀nà yìí lọ sí Sókótó. Òjò ti dá. Àwọn òyìnbó Pearce àti Morrison wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander, àti ọmọ Gobir kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abúbákà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Pasko, ẹni tí ó ń ṣe ògbufọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Ìjànà, Clapperton lọ wo àwọn tí ń hun aṣọ, ó sì dé ilé aláró mẹ́ta. Ìkòkò aró tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní ogún, gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó yin aró wọn púpọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó kọ sílẹ̀ níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yewa mọ̀. Ó ní àwọn ti rin 60 máìlì ní ọjọ́ mẹ́jọ, ẹrù àwọn pọ̀ ó sì wúwo, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ni a pààrọ̀ àwọn aláàárù, síbẹ̀ ohun tí iye rẹ̀ tó ṣílè kan kò sọnù. Àwọn baba ńlá wa ni aláàárù wọ̀nyẹn. Wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú àpótí, wọn kò mọ ibi tí àlejò ń lọ, ẹrù ọlọ́ẹrù sì pé lọ́wọ́ wọn láti ìlú kan dé èkejì. Mo ti ka ibẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-kéú wa lẹ́ẹ̀mejì, n óò sì tún kà á.

Ṣùgbọ́n àkókò tí ó dára fún ọ̀nà kò gba ẹ̀mí àwọn àlejò là. Oṣù Ọ̀pẹ kò tíì parí tí Pearce àti Morrison fi kú nípa àìsàn ibà. Àwọn fúnra wọn ń di ẹ̀bi ru ìta tí wọ́n sùn àti ìrì òru. Ní 1897 ni Ronald Ross, dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, tó fi hàn pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé, ẹ̀fọn sì máa ń pọ̀ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tí omi ṣì dúró káàkiri. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá ní Bélú, ẹ má gbàgbé nẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ 23 oṣù kìíní 1826 ni Clapperton wọ Ọ̀yọ́-Ilé: ọjọ́ 47 ni ó fi rìn. Ó kú ní Sókótó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1827. Lẹ́yìn èyí ni Richard Lander padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1830 ni wọ́n kúrò ní Àgbádárìgì, bí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, Pasko sì tún wà pẹ̀lú wọn. Ọ̀nà Ìjànà kan náà ni wọ́n gbà, nínú òjò àti ẹrẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ni wọ́n dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹ kà á dáadáa: ọjọ́ 43 ni. Àwọn tí ó rìn nínú òjò fi ọjọ́ mẹ́rin yá ju àwọn tí ó rìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn lọ, àwọn méjèèjì sì dé láàyè. Mo sọ èyí nítorí pé àwa tí a fẹ́ràn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òjò ni ó ń dá ìrìn dúró nígbà gbogbo. Àìsàn ni ó dá ti Clapperton dúró. Richard Lander àti Pasko ni wọ́n rin ọ̀nà náà ní ìgbà méjèèjì. Lander kọ ìwé. Kò sí ẹni tí ó ní kí Pasko sọ tirẹ̀. Ó dùn mí, nítorí ẹni tí ó gbọ́ èdè ní ojú ọ̀nà ni ìbá sọ ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ lẹ́yìn àlejò.

Nígbà tí ó yá, ogun tú Ìjànà ká, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fúnra rẹ̀ sì di ìgbà ẹ̀rù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì máa ń jáde, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbẹ fún oníṣòwò ti gbẹ fún jagunjagun pẹ̀lú. Wọ́n fọ́ Òkè-Òdàn ní 1848. Ní oṣù kẹta 1851 àti ní oṣù kẹta 1864 wọ́n kọlu Abẹ́òkúta, a sì lé wọn padà. Ní 1886 wọ́n pa Kétu run. Nítorí èyí, láyé ìgbà náà, ẹni tí ó fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ ní ìlú kejì kò jẹ́ dúró de ọyẹ́. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, tí odò ṣì kún díẹ̀ tí ẹsẹ̀ ogun kò sì tíì kúrò nílé, ni ó bọ́gbọ́n mu jù. Èrò tèmi nìyẹn o, n kò rí i kà nínú ìwé.

Lẹ́yìn ogun ni ààlà dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé ní Yúróòpù, wọ́n sì pín ilẹ̀ Ànàgó sí méjì. Ìpókíá, Àgọ́-Ṣáṣá àti Ìlarò bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtakété, Pọbẹ́ àti Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ́kọ, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1976 bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá láti ọ̀dọ̀ Faransé wá sí ọ̀dọ̀ tiwa nítorí iṣẹ́ ipá àti ìfipámúni wọ iṣẹ́ ológun. Àlejò tí ó wá ní òru tí kò padà mọ́ ni baba àwọn ìdílé kan lọ́dọ̀ wa.

Síbẹ̀ ìrìn kò dúró. Ìyá bàbá mi kò jẹ́ kí ọdún kan kọjá kí ó má lọ sí Ìtakété. Bí òjò bá ti dá, tí wọ́n bá ti ká ọsàn, yóò di agbọ̀n kan, yóò kọjá ní ọ̀nà oko, yóò lo ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ àwọn ìbátan, yóò sì gbé iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ bọ̀. Nígbà tí ó kú, ìrìn náà kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìkan ni ó kù tí ó mọ orúkọ àwọn ará ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019 ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀, ní oṣù kọkànlá wọ́n tún ní kí a má gbé epo bẹntiróòlù dé ibi tí kò tó 20 kìlómítà sí ààlà, ọkọ̀ wọ́n. Wọ́n ṣí ẹnubodè mẹ́rin kan ní oṣù kejìlá 2020, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí tiwa. Ní Ìléyá 2023 mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo ní kí ó ka àwọn orúkọ náà fún mi. Ilé kún fún àlejò, wọ́n ń pín ẹran, ọmọdé ń ké, foonu ń dún. Ó ní, “Jẹ́ kí èrò lọ ná.” Èmi náà bá èrò lọ. Kí Ìléyá mìíràn tó dé, wọ́n ti sin ín.

Ní oṣù Bélú 2024, èmi àti ọmọ mi obìnrin kò dúró de ọdún kankan. A ra ọsàn agbọ̀n kan ní Àgọ́-Ṣáṣá, a wọ ọkọ̀ dé Ìdí-Ìrókò. Awakọ̀ kò yọ wá lẹ́nu lórí owó. Àwa mẹ́rin péré ni a wà nínú ọkọ̀. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, a gun ọ̀kadà wọn tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì. Orúkọ agbo ilé nìkan ni a ní lọ́wọ́. Ní Ìtakété, ẹnì kẹta tí a bi ni ó mú wa dé ibẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sí ìta, ó ń yọ hóró ẹ̀gúsí. A kúnlẹ̀, a kí i, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Kò mọ orúkọ bàbá mi. Ọmọ mi gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó ṣí i.

Ìyá náà wo ọsàn náà títí. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin ni ọmọ Ìyá Ọlọ́sàn?”

Wọ́n fún wa ní iyán àti ẹja tútù. Nígbà tí Àlàásárì tó, ọmọ mi bi mí bóyá a óò dín ìrun kù sí ráká méjì, níwọ̀n ìgbà tí a ti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo ní ìwọ̀n ìrìn ni ẹ̀sìn wò, kò wo ẹnubodè. Ilé wa kò tó 48 máìlì sí ibẹ̀. Ráká mẹ́rin ni a kí, lórí ẹní ìyá náà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ, ọmọ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni. Mẹ́rin péré ni mo ti gbọ́ rí.